Ẹsẹ̀ Tó Wà Nínú Bàtà Lakhmir

Ní àràárọ̀, kí oòrùn tó mú, Gahna a máa rìn lọ sí ọ̀nà kànga láti lọ wo bí ọmọ rẹ̀ ṣe jí. Kì í yà sí ilé ọmọ náà, kò sì nílò àtirí i sójú. Ilẹ̀ ló ń wò. Bí Satbharai bá ti gbé ìkòkò rẹ̀ kọjá lọ síbi omi, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà nínú eruku, bàbá rẹ̀ á sì kà á. Lónìí, ara ọmọ yá. Lánàá, inú ń bí i, torí gìgísẹ̀ ló fi ń gún ilẹ̀. Níjẹta, ó gbé Nuran sí ìbàdí, ẹsẹ̀ ọ̀tún wá wọlẹ̀ ju tòsì lọ. Nígbà tó lóyún ọmọ náà, bàbá yìí ló kọ́kọ́ mọ̀ ní gbogbo ìlú Kot Wassan, ó mọ̀ ṣáájú ọkọ, ó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́, torí kò sí bàbá tó máa gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sẹ́nu.

Atọpasẹ̀ ni Gahna. Ní ilẹ̀ wa, láàárín odò Ravi àti odò Chenab, eruku àti igi ẹlẹ́gùn-ún ló pọ̀ jù, olè ẹran ló sì tẹ̀ lé wọn. Bí ràkúnmí ẹnì kan bá sọnù, Gahna ni wọ́n á ké sí. Á dojú ìkòkò dé ipa ẹsẹ̀ tó dára jù kí atẹ́gùn má bà á jẹ́, á gbé ọ̀pá rẹ̀, á máa lọ, nígbà mìíràn fún ọjọ́ mẹ́ta, títí ipa náà á fi wọ ìlú kan. Ìlú tó bá wọ̀ gbọ́dọ̀ fi ibi tó gbà jáde hàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ló máa jẹ́jọ́. Ó mọ ẹsẹ̀ ju ojú lọ. Ẹni tó kí i lánàá lè dúró níwájú rẹ̀ kó má mọ̀ ọ́n, àfi tó bá wolẹ̀, á ní, “Áà, ìwọ ni.” Àwọn ọ̀dọ́ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàbá yìí ń tijú bí ìyàwó tuntun.

Ìyàwó rẹ̀ kú nígbà tí ọmọ wọn wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Satbharai ni wọ́n sọ ọmọ náà, ìyẹn ẹni tó ní arákùnrin méje, nítorí ìyá rẹ̀ ń retí ọkùnrin lẹ́yìn rẹ̀. Ẹyọ kan kò wá nínú àwọn méje. Abọ́ méjì ni bàbá àti ọmọ fi ń jẹun fún ọdún mẹ́wàá, nígbà tí ọmọ sì relé ọkọ, abọ́ kan ló kù.

Ọkọ tó fẹ́ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo tún un sọ, nítorí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí lónìí ti sọ Walidad di ẹranko. Inú rẹ̀ a máa tètè ru, àmọ́ ó lawọ́, ó sì fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ débi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń bú u. Ọdún kejì ìgbéyàwó wọn ni ràkúnmí gbé e ṣubú, orúnkún òsì rẹ̀ fọ́. Gahna fúnra rẹ̀ ló fi pákó dì í, ó sì wà níbi ẹsẹ̀ náà fún ogójì ọjọ́. Ó jinná, àmọ́ kò jinná dáadáa. Láti ìgbà náà, Walidad a máa wọ́ ìka ẹsẹ̀ òsì díẹ̀, kó tó wá fi etí gìgísẹ̀ lélẹ̀. Nuran, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, a máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, á máa wọ́ ẹsẹ̀ òsì tirẹ̀ náà, tí ohunkóhun kò ṣe. Gbogbo ilé a máa rẹ́rìn-ín. “Ẹ wò ó, Walidad kékeré ń bọ̀.”

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Gahna ń bá wọn jẹun. Ọ̀rọ̀ kì í sábà jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ibòmíràn, àmọ́ níbẹ̀, lẹ́yìn róòtì, ìyẹn búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ọkà bàbà ṣe, àti wàrà kíkan, ẹnu rẹ̀ a máa tú. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó ń fi àwọn ọlọ́pàá ṣẹ̀sín. Ó ní wọn ò mọ ohun tó ju bàtà lọ. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kó sí wàhálà kó tún bọ́, kó ṣáà jí bàtà ẹlòmíràn wọ̀, wọn á mú ẹni tó ni bàtà. Walidad rẹ́rìn-ín títí wàrà fi dà sí i láyà. Gahna fẹ́ sọ ìyókù, àmọ́ Nuran gun orí itan rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì yà síbòmíràn. Títí tó fi kú, kò gbàgbé pé òun kò sọ ìyókù.

Ọdún kẹtàlélógún lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó gba Punjab, ìyẹn ilẹ̀ wa, ni òjò kọ̀ láti rọ̀. Jahana ló ni kànga Kot Wassan. Ọkùnrin náà le bí òkúta láti ilẹ̀, ọ̀dá wá mú kó tún le sí i. Òun àti Walidad jà lórí pápá ìjẹko, ló bá ní kí ẹran Walidad má fẹnu kan ọpọ́n omi mọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, màlúù mẹ́rin kú, èyí tí Nuran ń mu wàrà rẹ̀ wà nínú wọn. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ràkúnmí tí Lakhmir ń dà mu omi nígbà tí kò tíì kàn án. Jahana bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi na Lakhmir níwájú àwọn obìnrin tó wá pọn omi. Lakhmir kò ní ìyá, kò ní bàbá, kò ní ará ní gbogbo àgbègbè wa. Darandaran lásán ni, tó ń sùn síbi tí ràkúnmí bá ti sùn. Ó fi apá nu ẹnu, ó ní, “Ọlọ́run rí ẹ.” Gbogbo wọn ló gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó ń ti ìrun àsùbáà bọ̀ bá Jahana lẹ́bàá kànga, àáké ti là á lórí.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Gahna. Kí ó tó dé, ìlú ti dájọ́ tán, nítorí ipa bàtà tó yí òkú náà ká kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti kọ́ṣẹ́ kó tó mọ̀. Bàtà Lakhmir ni. Ó ti lẹ awọ ràkúnmí mọ́ ìsàlẹ̀ ẹyọ kan, ó fi ìṣó márùn-ún kàn án, ìṣó kan ti já, mẹ́rin ló sì ń hàn nínú eruku. Wọ́n bá a níbi tó ń sùn sí, bàtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì wà létí bàtà náà. Ó ní ibi tí òun bọ́ ọ sí lòún tún ti bá a. Wọ́n gbá a létí, wọ́n so ó mọ́ igi níwájú kànga pé kó dúró de ọlọ́pàá.

Gahna bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìpasẹ̀ àkọ́kọ́, kò rí nǹkan kan. Ìkejì, ó rí i pé níwájú bàtà òsì, eruku ti wọ́ díẹ̀ kí bàtà tó balẹ̀. Ó kọjá sí ìkẹta. Ó wọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Etí gìgísẹ̀ ló kọ́kọ́ kanlẹ̀, ìyókù ẹsẹ̀ tó wá tẹ̀ lé e. Ó dúró síbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ogójì ọjọ́ ló fi gbé ẹsẹ̀ náà lé itan, tó ń fi òróró pa á.

Ó dìde, ó ní kí wọ́n gbé ìkòkò òun wá. Ó dojú méjìlá dé ipa méjìlá. Nígbà tí baálẹ̀ bi í pé ṣé bàtà Lakhmir kọ́ ni, ó ní bàtà Lakhmir ni. Òtítọ́ ni. Ó wá ń lọ sílé, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó lè rí ohun tó rí. Bó bá dákẹ́, wọ́n á yẹgi fún Lakhmir. Bó bá sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ á di opó. Kò sí ọ̀nà kẹta, ó sì wá a títí dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun aláàsárì, Satbharai wọlé. Ó di róòtì sínú aṣọ bó ṣe máa ń ṣe, àmọ́ kò wá sí ẹ̀gbẹ́ ààrò bó ṣe máa ń ṣe. Ẹnu ìloro ló jókòó sí bí àlejò.

“Bàbá mi, ẹ ti mọ̀.”

Gahna ti igi kan bọ inú ààrò.

“Mo ní ẹ ti mọ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wo ọ̀nà, pé ẹ ó kó wọn wá bá wa. Wọn ò wá. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ẹ ò tíì sọ fún ẹnì kan.”

“Ṣé òun ló sọ fún ẹ?”

“Mo bá a níbi tó ti ń fọ apá. Ó ní ìwà Jahana ti tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bí ọmọdé.” Ó fa aṣọ orí rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. “Mi ò ní kẹ́ ẹ parọ́. Mi ò ní bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ parọ́ láé. Ẹ kàn dákẹ́. Gbogbo ènìyàn á gbà bẹ́ ẹ bá ní ojú yín ti ń ṣú. Ẹ ní atẹ́gùn ti ba ilẹ̀ jẹ́.”

“Lakhmir ńkọ́?”

“Lakhmir ò níyàwó. Lakhmir ò lọ́mọ. Ta ló máa sunkún ẹ̀?”

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ó gbọ́ ohun tó sọ, ó sì fi aṣọ bojú. Gahna rí i pé ìtìjú mú un, àánú rẹ̀ sì ṣe é gidigidi, nítorí òun náà ti rò ó bẹ́ẹ̀ gan-an láti ọ̀sán. Ó fẹ́ gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí. Kò gbé e.

Satbharai dìde. Ó gbé róòtì sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. “Arákùnrin méje lẹ ní mo máa ní,” ni ó wí. “Ẹ̀yin nìkan ni mo rí.”

Gahna kò jẹ róòtì náà. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó ti wà ní ìdí kànga. Atẹ́gùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti apá ìwọ̀-oòrùn, ó ń gbá eruku lọ. Olùṣọ́ tí wọ́n fi síbẹ̀ ti sùn lọ fọnfọn. Lakhmir nìkan ni kò sùn, ó ń wò láti ìdí igi tí wọ́n so ó mọ́. Gahna ṣí ìkòkò àkọ́kọ́. Kò ní láti ṣe nǹkan mìíràn. Kó ṣáà ṣí méjìlá, kó jókòó, atẹ́gùn á ṣe ìyókù, kò sì ní í parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó wo eruku bó ṣe ń yí wọ inú ojú ẹsẹ̀ náà ní wẹ́wẹ́, tí ipa ìṣó àkọ́kọ́ kún, tí ìkejì kún. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àná.

“Bàbá Gahna,” Lakhmir ké sí i, “ẹ bá mi dé e o, ẹ jọ̀ọ́. Atẹ́gùn fẹ́ bà á jẹ́.”

Gahna yíjú sí i.

“Wọ́n ní ẹ ó wò ó dáadáa. Ẹ bá mi wò ó dáadáa. Àbí, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: bí mo bá fẹ́ lọ pààyàn, ṣé bàtà yìí ni mo máa wọ̀? Bàtà tí gbogbo ewúrẹ́ ìlú yìí mọ̀?” Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ tó ti wú kò jẹ́. “Ẹ dé e, Bàbá. Ẹ ṣé o.”

Gahna dojú ìkòkò náà dé padà. Ọpẹ́ yìí gan-an ni kò rọrùn fún un láti gbé mì.

Ọ̀gá ọlọ́pàá dé lórí ẹṣin kí ọ̀sán tó pọ́n, baálẹ̀ àti gbogbo ìlú tẹ̀ lé e. Ó wo ìṣó mẹ́rin nínú eruku, ó wo bàtà Lakhmir, ó ní kí wọ́n mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wá. Ẹnì kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yẹgi fún Lakhmir, kó má gbàgbé láti wọ bàtà rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gahna ní kí ọ̀gá ọlọ́pàá jọ̀wọ́ dúró díẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré, wọ́n sì ní kó tún un sọ.

“Bàtà Lakhmir ni,” ni ó wí. “Ẹsẹ̀ Walidad, ọkọ ọmọ mi, ló wà nínú ẹ̀.”

Wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin ìlú tò, kí wọ́n rìn lórí eruku tí ẹsẹ̀ kò tíì kàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Walidad, kò gbìyànjú láti rìn lọ́nà mìíràn. Ó wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe máa ń wọ́ ọ, Gahna sì fi ọ̀pá fi hàn wọ́n: ẹ wo ibí, ẹ wo ọ̀hún. Wọ́n bá àáké lábẹ́ koríko màlúù, nílé rẹ̀ tí màlúù ti kú tán. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àna rẹ̀, ó sì dúró. Kò bínú. Ó rí bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan pamọ́ fún.

“Bàbá,” ó ní, “ẹ ò sọ ìyókù fún wa lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn.”

Ẹjọ́ náà kò pẹ́. Òyìnbó adájọ́ béèrè lọ́wọ́ Gahna, nípasẹ̀ ògbifọ̀, pé kí ni ẹni tó pa ọkùnrin yìí jẹ́ sí i. Gahna dáhùn. Adájọ́ gbé ojú sókè, ó wò ó pẹ́, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹjọ́ ti kúrò lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó mọ Walidad, ó di ti òyìnbó, wọ́n sì dájọ́ ikú fún un.

Ìta gbangba ni wọ́n ti yẹgi fún un, ní pápá níwájú ilé ẹjọ́, wọ́n sì ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan rán ènìyàn wá wò ó kí wọ́n lè fi kọ́gbọ́n. Satbharai kò lọ, torí wọ́n ti jẹ́ kó rí ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Gahna lọ. Ẹnikẹ́ni kò ní kó wá. Bí wọ́n ṣe mú Walidad jáde láìwọ bàtà, tí gbogbo ènìyàn ń na ọrùn sókè, ilẹ̀ ni Gahna ń wò. Ó ka ìpasẹ̀ rẹ̀ láti ẹnubodè títí dé ìdí àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ náà kò ṣe wàdùwàdù. Ó ń wọ́, ó ń balẹ̀, ó ń wọ́, ó ń balẹ̀, títí tó fi kan pákó, pákó kì í sì gba ojú ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé òkú fún àwọn ẹbí, tí wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ bò ó, Gahna dúró lẹ́yìn igi. Wọn ò pè é pé kó wá bu yẹ̀pẹ̀ tirẹ̀.

Wọ́n fún un ní láwàní kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba, aláwọ̀ ewé, baálẹ̀ sì yìn ín níwájú ìlú. Ó ká a, ó fi sínú àpótí. Láti ìgbà náà, bó bá ń bọ̀, àwọn ènìyàn a máa ká ẹsẹ̀ wọn sábẹ́ aṣọ. Ẹni tó fi ọkọ ọmọ rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, kí ni kò lè kà lára ẹlòmíràn? Wọ́n ṣì ń bọ̀wọ̀ fún un o, wọn ò ṣáà bá a jókòó. Lakhmir wá lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé igbá wàrà ràkúnmí sí ẹnu ọ̀nà, ó kí i láìwọlé, lọ́sẹ̀ yẹn ló sì da ràkúnmí rẹ̀ gba apá gúúsù lọ. A ò rí i mọ́. Nígbà tí wọ́n tún jí ràkúnmí gbé tí wọ́n ránṣẹ́ sí Gahna, ó ní ojú òun ti ń ṣú.

Irọ́ ni. Ojú rẹ̀ kò ṣú rárá. Ní àràárọ̀ ó ṣì ń lọ sí ọ̀nà kànga, ohun tó sì ń bá níbẹ̀ ni ipa igi. Satbharai ti ń so ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún mọ́ ìbàdí, ó ń wọ́ ọ lẹ́yìn bó ṣe ń lọ tó sì ń bọ̀, ó ń gbá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nù kúrò nílẹ̀ kí bàbá rẹ̀ má bàa rí i kà. Kò bú u. Kò rán ẹnikẹ́ni sí i. Ó kàn ń gbálẹ̀. Gahna kò mọ̀ mọ́ bóyá ara rẹ̀ yá, bóyá ó ń rù, bóyá ó sùn. Ìgbà òjò dé, ó kọjá, ìgbà òtútù náà dé. Ilé ọmọ rẹ̀ kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí tirẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó kú ní ìlú òkèèrè sún mọ́ ọn jù ú lọ.

Lẹ́yìn ọdún kan ó lé díẹ̀, ó bá nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà, níbi tí ẹ̀ka igi kò dé. Ẹsẹ̀ kékeré ni, ẹyọ kan péré, ẹsẹ̀ òsì. Nuran ti yà kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀, bóyá labalábá ló ń lé. Eruku wọ́ díẹ̀ níwájú ìka ẹsẹ̀, etí gìgísẹ̀ sì ni ó fi balẹ̀. Ó ṣì ń rìn bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀ fún ọdún kan ó lé, ọmọ náà ṣì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Gahna kúnlẹ̀ tì í, ó sì sunkún, ohun tí kò ṣe ní pápá ìyẹgi. Oòrùn ti mú kó tó dìde. Atẹ́gùn ń bọ̀. Ó yára lọ sílé, ó mú ìkòkò kan nínú méjìlá tí kò tíì fọwọ́ kàn láti ọjọ́ yẹn, ó padà wá, ó rọra dojú rẹ̀ dé ojú ẹsẹ̀ náà. Kò sí adájọ́ tó fẹ́ mú un lọ bá. Ó ṣáà fẹ́ kó wà níbẹ̀ lọ́la.

Lọ́jọ́ kejì, ó tètè dé ibẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìkòkò náà wà níbi tó fi í sí, ó dojú dé bó ṣe fi í sílẹ̀, kò yẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan. Ó gbé e sókè. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ipa ẹ̀gún wẹ́wẹ́ ló wà níbi tí ẹsẹ̀ ọmọ náà wà. Satbharai ti ṣí i, ó ti gbá a, ó sì ti dé e padà.

Gahna wò ó títí àwọn obìnrin fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ láti kànga. Nígbà náà ló dojú ìkòkò náà dé ibi tó mọ́ náà, nítorí ipa ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ni, ó sì gba ilé lọ.